Orin àwọn ọmọbìnrin Natitingou: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná ká tó dá a lẹ́jọ́

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Natitingou, ní Atakora, ní òkè àríwá ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀. Star Feminine Band ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọbìnrin ni gbogbo wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń ta gìtá, àwọn ló ń lu ìlù òyìnbó, àwọn ló ń tẹ dùùrù oníná, àwọn náà ló ń kọrin. Àwo-orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 lábẹ́ Born Bad Records, ilé-iṣẹ́ orin kékeré kan ní Paris tó dá dúró fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ara àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń darí ọjà orin ayé. Èkejì, tí wọ́n pè ní In Paris, tẹ̀lé e ní ọdún 2022. Àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pobẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ẹ bi èèyàn mẹ́wàá léèrè, ẹ ó ṣe oríire tí ẹ bá rí ẹyọ ẹnì kan tó mọ orúkọ náà.

Mo ti ń tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa àwo-orin méjèèjì yìí, lókè òkun àti nílé níbí. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó ń yìn wọ́n àti àwọn tó ń kọ̀ wọ́n, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ̀rọ̀ orin. Àwọn òyìnbó ń wo ọjọ́ orí wọn àti ìlú tí wọ́n ti wá. Àwa ń wo èdè tí wọ́n fi kọrin, a sì ń wò ó pé obìnrin ni wọ́n. Ta ló wá kù tó gbọ́ orin?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ní ọdún 2016, olórin kan tó ń jẹ́ André Balaguemon gbé ìkéde lọ sí rédíò ní Natitingou pé ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kọ́ orin kó máa bọ̀, òun ò ní gba owó. Àwọn tó wá kò mọ orin kankan lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan gìtá rí. Ní agbègbè yẹn, bíi ti ọ̀pọ̀ agbègbè tiwa náà, ọmọbìnrin tí owó ilé-ìwé rẹ̀ bá tán, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń já sí. Á máa ta ẹ̀pà, á máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa ta epo inú ìgò fún àwọn ọlọ́kadà, títí ẹnì kan á fi wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìyàwó. Balaguemon mú wọn láti orí «báyìí la ṣe ń di ọ̀pá ìlù mú». Ní ọdún 2018, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jérémie Verdier, gbọ́ wọn ní Natitingou, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé Paris. Nígbà tí àwo-orin àkọ́kọ́ fi jáde, ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 10, ẹni tó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 17.

Ìtàn náà dára. Mo mọ̀ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn gan-an ló ń bo orin mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́ òkè òkun. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àwo-orin yìí, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé ọmọdé ni wọ́n, pé ìlú kékeré ni wọ́n ti wá, pé ìyanu ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ pé ó rán àwọn létí orin rọ́ọ̀kì tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń lù nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí bàbá wọn ní nǹkan bí ọdún 1965, orin tí kò ní ìdán, tí ọwọ́ kò tíì mọ́ nínú rẹ̀. Ìyìn ni wọ́n pè é, mo gbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ìyìn náà: tí ọwọ́ àwọn ọmọ yìí bá wá mọ́ lọ́la, kí ni wọ́n máa ṣe? Olùgbọ́ tó fẹ́ràn rẹ nítorí pé o kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kò ní dunnú sí ọ lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ohùn bá ti dán díẹ̀, wọ́n á ní adùn rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ò lè ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ títí ayé kó lè dùn mọ́ ojú àlejò.

Nílé, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Mo gbé orin náà lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, sí ìsọ̀ arákùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, tó ní bafle ńlá kan níwájú ìsọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àríyá. N kò sọ ẹni tó kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó ń fi ìka lu orí ìdì aṣọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá orin Kóńgò àtijọ́ ni, torí ó jọ ohun tí wọ́n ń lù nígbà tí òun ń ṣe omidan. Mo ní, ẹ má bínú, ìyá, àwọn ọmọbìnrin Natitingou ni. Orí tó ń mì dúró. Ó béèrè pé ṣé wọn kò ní ilé-ìwé ni. Bàbá kan tó wá tún fóònù rẹ̀ ṣe ní ariwo òyìnbó ni, pé kí wọ́n yí i padà. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, báwo ni òun ṣe fẹ́ kọ ọ́ tẹ̀lé wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń dirun kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí orin kẹta, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ yẹn ni mo ń rò títí. Orin náà ti wọ̀ ọ́ lára kí ó tó mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ara rẹ̀ ti dá orin náà lẹ́jọ́, ó sì ti dá a láre. Orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ «ọmọbìnrin» ló yí ìdájọ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ẹ̀sùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọn kò dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni ti èdè. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ yìí kì í fi Yorùbá kọrin bí ọ̀nà pàtàkì. Waama, Ditamari, Bàrìbá, Fúlàní àti Faransé ni wọ́n ń lò jù. Ẹni tó wà ní Ìdàáṣà tàbí ní Sákété lè ní kí ló kan òun nínú Waama. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Àwọn bàbá wa jó orin Franco àti Tabu Ley láti alẹ́ mọ́jú. Mélòó nínú wọn ló gbọ́ Lingala? Wọ́n jó orin àwọn ará Kúbà, wọ́n sì kọ ọ́ sókè, ọ̀rọ̀ Sípéènì inú rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn lẹ́nu wọn. Gnonnas Pedro tiwa fi Sípéènì kọrin, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ gbà á, kò sí ẹni tó ní kó lọ mú ìwé-ẹ̀rí èdè wá. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà tó ní òun ò mọ ohun tí àwọn ọmọ Natitingou ń sọ yẹn, tí ẹ bá gbé orin tuntun láti Èkó fún un, á kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe èdè. Èdè tí a gbà pé ó ga ju tiwa lọ, a kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè aládùúgbò wa tí a rò pé a ga jù ú lọ, òun ni a ní a ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó ń lọ ra iṣu ní Glazoué àti ní Parakou, tí wọ́n ń fi Bàrìbá dúnàá-dúrà dáadáa tí owó bá wà níbẹ̀, àwọn náà ni wọ́n ń sọ pé èdè òkè kò wọ etí wọn.

Ìkejì, pé ariwo òyìnbó ni. Ẹ̀yin bàbá wa tó ń sọ èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Kí ni wọ́n ń lù? Gìtá oníná, dùùrù oníná, ìlù òyìnbó. Wọ́n mú ìlù vodun ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀, ó sì di tiwa. Ọjọ́ wo ni ẹ pè é ní ariwo òyìnbó? Kódà àwọn onírọ́ọ̀kì òyìnbó gan-an ló wá gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ní New York ṣe àwo-orin kan tí wọ́n pè ní Remain in Light, wọ́n sì ti ń gbọ́ orin Fela kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tó di ọdún 2018, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, mú àwo-orin náà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ padà lọ́nà tirẹ̀. Ó mú ohun tí wọ́n yá lọ padà wálé. Àwọn ọmọ Natitingou ò lọ jí ohun ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ Poly-Rythmo yìí tún ní ohun kan nínú tó ń dùn mí. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni àwọn òyìnbó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn orin wọn àtijọ́ jáde, tí wọ́n ń wá àwo wọn bí ẹni ń wá wúrà. Ní ọdún 2011, wọ́n ṣe àwo-orin Cotonou Club, méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Franz Ferdinand láti Scotland sì bá wọn lù nínú rẹ̀. Ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, Papillon, onígìtá wọn, àti Yehouessi Léopold, onílù wọn, ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mélomé Clément fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni àwọn àgbà wí. Tiwa ti di pé òde la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wálé, nígbà tí ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ bá ti darúgbó tàbí tó ti sùn.

Ìkẹta ni pé ọmọbìnrin ni wọ́n. Èyí ni àwọn èèyàn kì í sọ jáde tààrà. Wọ́n á ní «ṣé wọn kò ní ilé-ìwé ni», wọ́n á ní «ta ló máa fẹ́ wọn», wọ́n á ní ìlù kò yẹ ọwọ́ obìnrin. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Láàárín wa, ìlù jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, ọmọ Àyàn ló ń lu dùndún, ọkùnrin ló sì ń lù ú jù. Obìnrin a máa lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a máa lu agogo, a máa gbe orin. Ní Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2008, àpapọ̀ tiwa pẹ̀lú Nàìjíríà àti Tógò. Nítorí àwọn ìyá wa ni a ṣe ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Agbára wọn là ń bẹ̀, orúkọ wọn là ń gbé ga. Síbẹ̀, ọkùnrin ló ń gbé ère náà sórí, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin láti jó fún obìnrin. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ padà. Àwọn tó ni ín ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń wí ni pé ìran tó lè fi gbogbo òru kọrin ìyìn fún ìyá, kò yẹ kó bínú nígbà tí ọmọ ìyá náà bá mú ọ̀pá ìlù kan, lórí ìlù tí kì í ṣe ti ìdílé kankan, tí kò sí èèwọ̀ lórí rẹ̀.

Ti ilé-ìwé sì nìyí: àwọn ọmọ yìí kò fi ìwé sílẹ̀ nítorí orin. Orin ló jẹ́ kí àwọn òbí kan rí ìdí tí ọmọbìnrin fi lè wà níbì kan tí kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì tàbí ilé ọkọ.

Ìkẹrin ni ẹ̀sùn tí mo gbà lápá kan. Àwọn kan ní ìwàásù ti pọ̀ jù nínú orin wọn, pé bí ẹni ń gbọ́ ìkéde ní ilé ìwòsàn ni. Wọ́n kọrin lórí fífi ipá mú ọmọ lọ́kọ, wọ́n kọrin lórí dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, wọ́n kọrin pé kí obìnrin dìde. Lórí In Paris pàápàá, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dúró gbagidi láìní àṣírí kankan, kò sí ẹ̀dà ọ̀rọ̀, kò sí àwàdà, kò sí ohun tí olùgbọ́ á máa tú nínú ọkàn rẹ̀ tó bá délé. Àwa tí a gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru ní Kétu mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìlú wí. Ẹlẹ́fẹ̀ á kọ́kọ́ pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí o bá rẹ́rìn-ín tán lo máa mọ̀ pé ìwọ ló ń bá wí. Àwọn ọmọ Natitingou kò tíì dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọn. Tí ẹnì kan bá ní orí yìí ló mú kí òun má gbádùn àwọn orin kan, n kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sọ pé ìwàásù náà ti pọ̀ jù bi ara rẹ̀ léèrè bóyá a ti gbọ́ ìwàásù ọ̀hún rí. Láti ọdún 2003 ni òfin ilẹ̀ wa ti ka dídábẹ́ fún ọmọbìnrin léèwọ̀. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 fi ọdún 18 sí ọjọ́ orí ìgbéyàwó, fún ọkùnrin àti obìnrin. Òfin wà nínú ìwé, a sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọmọ ọdún 12 tó ń kọrin sí ìgbéyàwó ipá kì í ṣe oníwàásù tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ. Ó lè ṣe é kí ó má ní àkókò fún ẹ̀dà ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa oníṣòwò gan-an nìyí. Àwọn ọmọbìnrin òkè ò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n wà nínú ilé wa. Àwọn ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ń lọ mú wá láti Atakora, láti Borgu àti láti àwọn abúlé tiwa náà, àwọn tí Fọ̀n ń pè ní vidomègon. Wọ́n ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìn ìsọ̀, wọ́n ń gbé omi pọ́ọ̀ lórí kiri ọjà, wọ́n ń tọ́jú ọmọ wa kí àwa lè jókòó tajà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe dáadáa sí wọn, àwọn kan kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ti bi ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè rí pé orin wo ló mọ̀? Èdè tí ó ń fi kùn nígbà tó bá ń fọ aṣọ yẹn, Waama lè ni, Ditamari lè ni. Nígbà tí ìyá aláṣọ ní Ouando gbọ́ orúkọ Natitingou, mo rò pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, kò sì lè fi gìtá sí i lọ́wọ́ nínú ìrònú rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ojú wa ti mọ ọmọ yẹn pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

Mo ti sọ pé kí á gbọ́ orin, ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwo-orin méjèèjì, àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù, kì í sì í ṣe nítorí pé ọwọ́ wọn kò tíì mọ́ nínú rẹ̀. Dùùrù ibẹ̀ ló mú mi. Ohùn rẹ̀ tinrín, ó ń yí kiri bí eṣinṣin lókè orin, gìtá á sì máa dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú rumba Kóńgò. Orin náà kì í sáré. Ó ní ààyè láti jó nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà máa ń pa ohùn pọ̀ nínú ègbè, ohùn wọn kò dán bí ti àwọn tó kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó le, ó ń jáde láti àyà. Lórí In Paris, gìtá ti wúwo sí i, ìlù sì ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń lù ú ti kúrò ní ọmọ-ẹ̀kọ́, ó ti ń darí àwọn yòókù. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ tí n kò rí tó ni àlàfo, ibi tí ohun kan á ti dákẹ́ kí òmíràn lè sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà mìíràn, bí ọjọ́ ọjà. Síbẹ̀, tí ẹ bá gbọ́ ọ nínú bafle tó dára, tí kì í ṣe nínú fóònù nìkan, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ orin náà le, ó gbé ẹsẹ̀ dáadáa. Àwo kejì wà fún orí ìtàgé, àwo àkọ́kọ́ wà fún ìrọ̀lẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, a ó sì máa jiyàn lé e lórí bí a ṣe ń jiyàn lórí Gnonnas Pedro àti Poly-Rythmo.

Irú àríyànjiyàn yẹn ni mo fẹ́ kó wà. Kí àwọn èèyàn ní Ṣábẹ̀ẹ́ máa sọ pé orin kejì kò tó ti àkọ́kọ́, kí ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Olórin tí ilé rẹ̀ ń bá jiyàn, ó ní ilé. Èyí tí òkè òkun ń fi àánú yìn, tí ilé kò sì mọ̀, ọjọ́ tí àánú yẹn bá kọjá sí ibòmíràn, kò ní ibi tó máa padà sí. Àwọn ọmọ yìí ń dàgbà. Ẹni tó jẹ́ 10 lọ́jọ́ náà kì í ṣe 10 mọ́. Ìyanu ọmọdé ti ń tán lára wọn lójoojúmọ́, ohun tó máa kù ni orin àti àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ.

Àwọn rédíò wa tó ń ṣètò ní Yorùbá, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀ ń fi orin Naijiria sí i láàárọ̀, ẹ̀ ń fi í sí i lálẹ́, a ò sì bínú, ọmọ ìyá wa ni wọ́n. Ẹ fi orin kan láti Natitingou sí àárín méjì lọ́sẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ kó máa dún, lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí àwọn olùgbọ́ pè wá sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin nílé tó ń fi ṣíbí lu ìkòkò, ẹ jẹ́ kí òun náà gbọ́ ọ.

Orin wọn wà lórí YouTube. «Femme africaine», láti inú àwo àkọ́kọ́, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé rẹ̀ kò dára, kó dúró di òru, tàbí kó wá ẹni tó ní i lórí fóònù. Ọ̀dọ́bìnrin onídìrí tó wà ní Ouando ti ní i báyìí.